Fọ́nrán Ọkàn Ilé Fálúyì

Pobè, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 2023

Huguette, Àṣàbí ọmọ mi,

O kú òtútù, o kú iṣẹ́, o kú àárò ilé, bí àárò ilé bá ń sọ ọ́, nítorí lẹ́tà rẹ kò fi í hàn. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ó sì ṣì ń gun alùpùpù zémijàn lọ sóko ní Igana bí ẹni pé orúnkún ẹlòmíràn ni.

O mọ̀ pé n kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹnu sọ, a lè jiyàn rẹ̀ lọ́la. Èyí tí a bá kọ, ibẹ̀ ni yóò wà tí yóò máa wò wá lójú. Nítorí náà mo kọ tèmi síwèé, mo ya á ní fọ́tò, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ náà, kọ tìrẹ báyìí, ní Yorùbá, kí o sì fi àmì sí i. Èyí tó o kọ kẹ́yìn kò ní àmì kankan. Mo ka ọ̀rọ̀ kan, mo rò pé o ti lọ́kọ, mo tilẹ̀ ti pe ìyá rẹ jáde kúrò ní ilé ìdáná. Àṣé oko Igana ni ò ń béèrè. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn àgbàlagbà Pobè ní ìwé kíkà lédè wa, ọmọ inú mi ló wá ń kọ̀wé bí ẹni tó ń ju òkò.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Àwọn èèyàn ń béèrè iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní Lyon. Mo dá wọn lóhùn pé dókítà ọkàn ni ọ́. Láti ọjọ́ náà, ilé wa kò sinmi. Obìnrin kan wá láti Issaba, ó ní ọkọ òun ti gbé ọkàn rẹ̀ kúrò lára òun, pé kí o bá òun wo ibi tó gbé e sí. Katikísì wa ní ṣé o lè wo àwọn tí ọkàn wọn le bí òkúta, nítorí wọ́n pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìjọ. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ìwọ fúnra rẹ yóò ṣàlàyé.

Ó yá, ṣàlàyé. Má sì fi Faransé dá mi lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí,
Bienvenu Fálúyì


Lyon, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá, 2023

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù. Mo kí Màmá. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó fi oko sílẹ̀ fún àwọn tí orúnkún wọn gbà fún wọn. Àmì ti wà lórí lẹ́tà yìí. Bí mo bá ṣì í, ẹ fi bíró pupa sí i bí ẹ ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní dókítà ọkàn mọ́. N kì í wo aláìsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, oyè ìwé ni mò ń wá. Títí di oṣù tó kọjá, ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni mo fọwọ́ kàn.

Ọkàn tí mò ń sọ kì í sì í ṣe ti ìfẹ́ tàbí ti ìkà. Ẹran ni. Ó tóbi tó ìkúùkù ẹni tó ni ín. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ ló so pọ̀ tó di iṣan rẹ̀, wọn kì í sì í dúró ṣanṣan. Àwọn tó wà lóde tẹ̀ sí apá kan, àwọn ti àárín yí i po bí ìgbànú, àwọn ti inú tẹ̀ sí apá kejì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkàn bá ń lù, kì í fún pọ̀ lásán. Ó ń lọ́ ara rẹ̀, bí Màmá ṣe máa ń lọ́ aṣọ tó bá fọ̀ kí omi lè jáde.

Láyé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó rí fọ́nrán wọ̀nyẹn, ó ní láti gé ọkàn náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹni tó ni ín á sì ti kú. Ní báyìí, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní IRM. Òòfà ńlá ni, èèyàn á dùbúlẹ̀ sínú ihò rẹ̀. Kì í gé ni, kì í gún ni. Ariwo nìkan ló ń pa. Omi wà nínú ẹran ara wa, omi yẹn kì í sì í dúró sójú kan. Ó rọrùn fún un láti bá fọ́nrán rìn ju kó dábùú rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ ìrìn omi. Èmi á wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń fi ìrìn omi mọ ibi tí fọ́nrán kọjú sí, mo ń ya á bí ẹni ń ya ojú ọ̀nà oko.

Ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí a rà nílé ìpẹran kì í yọ wá lẹ́nu, ó ti kú, ó dúró jẹ́ẹ́. Ti alààyè ni wàhálà. Ó ń mí, ó ń lù, ó ń wúkọ́.

Ẹ bá mi bẹ obìnrin Issaba. N kò lè bá a rí ọkàn ọkọ rẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Huguette


Pobè, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, 2023

Huguette ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo gba lẹ́tà rẹ, mo ti fi pupa sí àwọn ibi tó yẹ. Ìlọsíwájú wà. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni kò jọ ti ẹni tó tẹ̀ síwájú. Ọmọ tí a sìn dé pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú orin, ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ ló ń yà.

Mo ka lẹ́tà náà sókè fún gbogbo ilé. Wọ́n gbọ́ ti fọ́nrán, wọ́n gbọ́ ti omi. Bàbá Èjìdé, olórí ilé wa, fi ọwọ́ lé àgbọ̀n títí mo fi kà á tán. Ó wá ní, “Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó lè rí ìkà nínú ọkàn èèyàn?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá. Omi nìkan ló ń rí.”

Ó ní, “Òòfà tó tóbi tó yẹn, tí kò rí ìkà. Owó àwọn òyìnbó pọ̀ jù.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ká ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nígbà ikú Martial, tó sì ń rí ohun tó yẹ kó rí, à bá ti gbé ìyàwó rẹ̀ tì sínú rẹ̀. Ẹ̀rín gé. Ìwọ kéré nígbà náà. Martial àbúrò mi, ọkùnrin tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì léjìká ní Onigbolo bí ẹni gbé ìrọ̀rí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sakété lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ṣubú lórí pápá, kò dìde mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni alágbára ṣe ń kú lásán? Màrúfátù ìyàwó rẹ̀ ló gbé omi fún un ní ìsinmi àbọ̀ eré. A ò fẹ́ kó fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ náà ò fẹ́ kí ọmọ wọn kúrò nínú Ìsìláámù wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá Èjìdé ní ọwọ́ obìnrin náà ni ikú ti wá, ilé sì gbà. A gbé òkú wa wá sí Pobè, a ní kí obìnrin náà má tẹ̀ lé e. Kò tẹ ilẹ̀ wa láti ìgbà náà, òun àti Zouleiha ọmọ tó bí fún Martial.

Ká fi ìyẹn sílẹ̀. Fọ́tò ni mo fẹ́. Má fi ti ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ, kí o fi ọkàn tìrẹ ránṣẹ́, kí n lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó kéré tán, àwọn àlejò á rí i pé o ní ọkàn.

Bàbá rẹ,
Bienvenu


Lyon, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ló fà á, kì í sì í ṣe ìgbàgbé.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ọ̀gá mi ń wá àwọn tí ara wọn le, kí a lè fi ọkàn wọn wé ti àwọn aláìsàn. Mo fi orúkọ sílẹ̀, mo wọ inú ẹ̀rọ, mo sùn síbẹ̀ pẹ̀lú ariwo rẹ̀, mo ń ro ibi tí ẹ máa gbé fọ́tò náà kọ́ sí.

Àwòrán máa ń dé ọ̀dọ̀ mi láìlórúkọ, nọ́ńbà nìkan ló máa ń wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rí ọkàn kan láàrin ti àwọn tí ara wọn le. Ògiri tó pín in sí ọ̀tún àti òsì nípọn ju bó ti yẹ lọ. Fọ́nrán ibẹ̀ kò mọ ọ̀nà. Wọ́n dojú kọ ara wọn, wọ́n kọjá lórí ara wọn bí ìhá ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀ tán. Mo pe ọ̀gá mi. Mo ní, “Ẹ yọ ẹni yìí kúrò. Ara rẹ̀ kò dá.”

Ó ní ẹni náà ti sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe òun.

Mo ní, “Ó lè má mọ̀. Ẹ pè é kíákíá, kó tó lọ sáré kiri.” Mo tún sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, nítorí inú mi dùn pé mo rí ohun tí ojú rẹ̀ fò.

Ó lọ wo orúkọ tó bá nọ́ńbà náà mu. Ó padà dé, ó fa àga, ó jókòó tì mí. Ó ní, “Huguette, ìwọ ni.”

Àwọn dókítà tó ń wo aláìsàn ti yẹ̀ mí wò. Òótọ́ ni. Mò ń lo oògùn, ara mi yá, wọ́n kàn ní n kò gbọ́dọ̀ sáré mọ́. Àìsàn ìdílé ni, Bàbá. Ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá ló ti sábà máa ń wá. Ẹlòmíràn á ní in, á gbó, á tọ́, kò ní mọ̀. Ẹlòmíràn á ṣubú lójijì nígbà tó bá ń lo agbára.

Dókítà bi mí bóyá ẹnì kan ti ṣubú kú báyẹn nínú ẹbí wa. Mo sọ ti Bàbá Martial, àbúrò yín. Ó gbé bíró sílẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé, “Ṣé ó ní ọmọ?”

Mo bẹ̀ yín, kí ẹ̀yin àti Màmá lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n ń pè ní ẹkọgráfí ní Porto-Novo tàbí Cotonou. Ìyẹn kò nílò òòfà. Kí ẹnì kan sì sọ fún Màrúfátù kó gbé Zouleiha lọ. Ẹni tó bá mọ̀ lè ṣọ́ra. Ẹni tí kò mọ̀ ni àwọn dókítà ń bẹ̀rù fún.

Ọmọ yín,
Huguette


Pobè, ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, 2024

Huguette,

Mo ní kí o fi ọkàn ránṣẹ́ kí n fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹjọ́ ni o fi ránṣẹ́.

N kò ka èyí sókè fún ẹnikẹ́ni. Ilé Fálúyì kò ní àìsàn ìdílé. Bàbá mi gbó títí ó fi ń pe àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀. Èmi fúnra mi ṣì ń gun ọ̀pẹ. Bí ohunkóhun bá wọ́ nínú rẹ, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ni ká yẹ̀ wò. Ará Yoko ni wọ́n, àwọn èèyàn jẹ́jẹ́, àmọ́ ó tètè máa ń rẹ̀ wọ́n. Ìyá rẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó ní òun á lọ sí Cotonou, kí wọ́n yẹ òun wò, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Mo ti sọ fún un pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Ní ti obìnrin Sakété yẹn, má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ti parí, ọmọdé kì í tú u.

Ìyá rẹ ń béèrè bóyá ò ń jẹun. Má sáré. Má gun àtẹ̀gùn. Wá ilé tó wà nísàlẹ̀, bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ wọ́n.

Bàbá rẹ


Lyon, ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín. N kò gbúròó. Mo pe Màmá lórí tẹlifóònù, mo bi í bí Cotonou ṣe rí. Ó ní, “Bàbá rẹ ló ń kọ lẹ́tà nílé yìí,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ àgbàdo.

Ẹ ní ẹ̀gbẹ́ Màmá ni ká wò. Bàbá Martial kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ Màmá.

Huguette


Lyon, ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Bí ẹ bá ti bínú tán, ẹ kọ̀wé.

Mo rí fọ́tò kan lórí Fesibúùkù, ti ìdíje eré ìdárayá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Sakété. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níwájú, Zouleiha Fálúyì ni. Ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì dì, ó gbé orí sókè. Ó jọ Bàbá Martial débi pé mo gbé fóònù náà dojú dé.

Ó ń sáré, Bàbá.

Bí ẹ kò bá lọ bá ìyá rẹ̀, èmi á wá bí mo ṣe máa kọ̀wé sí i, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe àmì mi.

Huguette


Pobè, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 2024

Huguette, Àṣàbí ọmọ mi,

O kú ojú lọ́nà. Ọwọ́ mi dí ni.

Ìyá rẹ lọ sí Cotonou, ó dé. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ dà bí ti ọmọge. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Bó bá gbé ọbẹ̀ sílẹ̀ fún mi, á ní, “Ẹ rọra jẹ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín.” Mo ń jẹun lọ.

Lẹ́yìn lẹ́tà rẹ ti oṣù karùn-ún, mo sọ nílé pé mo fẹ́ lọ ra ìwé fún kíláàsì àwọn àgbà ní Porto-Novo. Mo ra ìwé náà lóòótọ́. Mo wá lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan fi nǹkan tútù sí mi láyà, ó ń yí i kiri, ó ń wo tẹlifísàn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Bàbá, kí lẹ ń ṣe nílé?”

Mo ní mo ń kọ́ni níwèé, mo sì ń gun ọ̀pẹ mi.

Ó ní, “Ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́. Àrùn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Mo ti kọ́ òwe yẹn ní kíláàsì láìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé èmi náà jẹ́ ọlọ́ya.

Táksí tó ń gbé mi padà bọ̀ gba Sakété kọjá, bó ti máa ń gbà. Nígbà tó dúró kí èrò kan bọ́ sílẹ̀, mo bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo béèrè ṣọ́ọ̀bù Màrúfátù. Abọ́ oníke àti bókẹ́ẹ̀tì ló ń tà, ẹ̀gbẹ́ ọjà ló wà. Ó ń to abọ́ lé ara wọn. Ó gbójú sókè, ó rí mi, kò ya á lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Ta ló kú?”

Mo ní kò tíì sí.

Kò fún mi ní àga. Mo dúró, mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́: ọkàn rẹ, ọkàn mi, ti Martial. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní, “Ẹ tún un sọ.”

Mo ní, “Ohun tó pa Martial, inú ẹ̀jẹ̀ ilé wa ló wà.”

“Kì í ṣe ọwọ́ mi?”

“Kì í ṣe ọwọ́ rẹ.”

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ̀rọ ni.”

Ó ní, “Ẹ̀rọ. Mo fẹnu sọ ọ́ fún yín. Mo fi ọwọ́ lé Kùránì sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí ẹ fi gbé e lọ, mo sọ ọ́. Ẹ ò gbà. Ẹ̀rọ tí kò mọ Martial, tí kò mọ èmi, ló wá sọ ọ́, ẹ sì wọkọ̀ wá.”

Mo wá sọ ti ọmọ náà, pé àìsàn tó wà lára mi lè wà lára rẹ̀, pé kò gbọ́dọ̀ sáré. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe yí padà. Ó ní, “Ó wà ní pápá báyìí.” Abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já bọ́. Ó ká ìró sókè, ó gba ọ̀nà pápá, òun gan-an ló ń sáré. Kò ti ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Mo ta bókẹ́ẹ̀tì kan, n kò sì mọ iye rẹ̀. Ẹni tó rà á ló sọ iye fún mi. Mo dúró títí wọ́n fi dé, ọmọ náà níwájú pẹ̀lú ìbínú, ìyá rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni mú olè. Ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ta ni bàbá yìí?” Ìyá rẹ̀ ní, “Oníbàárà.”

Mo ro ó pé n kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ní kí ilé péjọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo fi ìwé dókítà hàn wọ́n. Bàbá Èjìdé gbọ́, ó mi orí. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i báyìí? Obìnrin yẹn ti mú Bienvenu náà.”

Mo ní dókítà rí i kí n tó dé Sakété.

Ó ní ìkà kì í wo ọjọ́.

Mo ní, “Huguette ńkọ́, tó wà ní Lyon?”

Ó ní, “Wọ́n ń fò.”

Ìyá rẹ dìde. Ó ní, “Bàbá, ọkàn tèmi mọ́, mo sì ń gbé inú ilé yìí. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ le ni ẹ ń wá, ṣé èmi ló kàn?” Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò ó. Ọmọ mi, mo rí i lójú wọn pé èrò náà ti ń dé. Lójú àwọn tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wọlé. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí ó ṣe rí fún Màrúfátù lọ́jọ́sí. Mo dìde, mo gbé àga mi kúrò láàrin àwọn ọkùnrin, mo lọ gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ, mo jókòó. Bàbá Èjìdé ní ìpàdé ti parí.

Mo gbọ́ pé Màrúfátù ti gbé ọmọ náà lọ sí Cotonou. Kò sí ẹni tó sọ èsì rẹ̀ fún mi, kò sì sí ìdí tí wọ́n á fi sọ ọ́.

Mò ń lo oògùn. Mo ti wá ẹni tí yóò máa gun ọ̀pẹ.

Bàbá rẹ,
Bienvenu


Lyon, ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀, mo gbàgbé láti bọ́ sílẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé wọ́n rí i lára yín. Ó bá mi kẹ́dùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn rí ẹbí kan tí a lè fi ọkàn wọn wé ara wọn báyìí, pé ẹ̀yin, èmi àti ọmọ náà, fọ́nrán wa á lẹ́wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ní kó wá sọ ọ́ níwájú Bàbá Èjìdé.

Ẹ má jẹ́ kí Màmá fi yín ṣẹ̀sín jù. Ẹ sì jẹ́ kó ṣe é díẹ̀, ó tọ́ sí i.

Lẹ́tà kan wà pẹ̀lú èyí, ti Zouleiha ni. Bí Màrúfátù bá gbà, ẹ fún un. Bí kò bá gbà, ẹ ra bókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tún béèrè.

Ọmọ yín,
Huguette


Sakété, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi Huguette,

Àsàlámù aláékùm. Mo kí yín. Faransé ló yá mi lọ́wọ́, àmọ́ bàbá yín ní bó bá jẹ́ Faransé, òun ò ní fi ránṣẹ́. Ẹ má wo àṣìṣe rẹ̀.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti oṣù keje. N kò dáhùn nítorí pé mo kórìíra yín. Mo sọ ọ́ nítorí wọ́n ní ẹ fẹ́ràn òtítọ́. Kí ẹ tó kọ̀wé, èmi ni mo yára jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, wọ́n ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ fún ìdíje ní Cotonou. Cotonou tí mo wá dé, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni. Dókítà ní tèmi nípọn ju ti bàbá yín lọ. Olùkọ́ eré ìdárayá gbé fèrè fún mi pé kí n máa fọn ọ́n fún àwọn tó ń sáré. Mo ń fọn ọ́n, wọ́n ń lọ. Àwọn tí n kò jẹ́ kí wọ́n rí ju ẹ̀yìn mi lọ tẹ́lẹ̀, àwọn ni mò ń wo ẹ̀yìn wọn.

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ sáré níkọ̀kọ̀. Mo dé ojú ìlà, mo tẹ̀ síwájú. Àyà mi ń lù kí n tó gbé ẹsẹ̀ rárá. Mo ro bàbá mi. N kò mọ ojú rẹ̀ bí kò ṣe nínú fọ́tò. Mo ro ó pé bóyá bó ṣe ń lù fún un nìyẹn, tó sì rò pé ayọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Mo jókòó sórí koríko. N kò kórìíra yín tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni ti Sátidé tó kọjá. Bàbá yín wá, ó ní òun fẹ́ mú wa lọ síbi tí wọ́n sin bàbá mi. Ìyá mi ní òun ò lọ. Ó wọlé lọ, ó pẹ́, ó jáde pẹ̀lú aṣọ tó dára jù tó ní.

Nígbà tí a dé Pobè, màmá yín pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ìyá mi mú, wọ́n jọ wọlé. Bàbá arúgbó kan jókòó níwájú ilé rẹ̀, wọ́n ní Bàbá Èjìdé ni. Kò kí wa. Ìyá mi ò kí i. Sàárè bàbá mi wà lẹ́yìn ilé, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, ewé gbígbẹ kún orí rẹ̀. Mo rò pé ìyá mi máa sunkún. Kò sunkún. Ó dúró síbẹ̀, ó ní, “Martial, ọkàn rẹ ló pa ọ́, èmi ni wọ́n bú.” Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọkọ tó pẹ́ níta jà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tí omi wà. Òun àti màmá yín bọ́ bàtà, wọ́n fọ sàárè náà mọ́. Bàbá yín fẹ́ pọn omi, àwọn méjèèjì ní kó jókòó.

Nígbà tí a ń lọ, a ní láti gba iwájú Bàbá Èjìdé kọjá. Ó nàka sí mi. Ó ní, “Ta ni ọmọbìnrin yẹn?”

Bàbá yín ní, “Ọmọ Martial ni.”

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Ó jọ ọ́.” Ó wá yí ojú sí ògiri.

Àwọn èèyàn ti jáde sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn gbogbo. Ojú tì mí, mo fẹ́ yára kọjá. Ìyá mi di èjìká mi mú. Ó ní, “Dókítà ní kí o máa rìn díẹ̀díẹ̀.”

A rìn díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ilé rí wa.

Èmi ni àbúrò yín,
Zouleiha Fálúyì